Ṣúgà Ìsọmọlórúkọ Tí Mo Fi Díwọ̀n Wáyà Gbígbóná

Ẹ jókòó díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ wáyà kan tó tín-ín-rín bí irun orí. Ó parí sí ayọ̀, nítorí náà ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rù. Èmi nìkan ti bẹ̀rù tó fún gbogbo wa!

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé mo gba lísáǹsì, ìwé ẹ̀rí yunifásítì, nínú ẹ̀kọ́ físíìkì, mo sì padà sílé ní Àjàṣẹ́ tó wà nítòsí Kútọnú láti máa wá iṣẹ́. Bí ẹ bá ti wá iṣẹ́ rí, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Tí fóònù bá dún, àyà mi á já. Tí kò bá dún, àyà mi á já. Tí ẹnì kan bá bi mí pé kí ni físíìkì yẹn wà fún gan-an, màá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n màá gbé ìbéèrè náà wọlé, màá sì máa bi ara mi títí oúnjẹ á fi tutù níwájú mi. Kì í ṣe pé inú ń bí mi o. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé ó lè jẹ́ òótọ́ ni pé kò wà fún nǹkan kan.

Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi, Tanti Sikírá, ni mò ń gbé. Iṣẹ́ dékò ló ń ṣe. Òun ló máa ń ta aṣọ sára ògiri, tó ń wọ aṣọ fún àga, tó ń to òdòdó síbi ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ. Ẹnu rẹ̀ dùn, ọwọ́ rẹ̀ yá, àmọ́ ìṣòro kan wà: kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ "rárá" fún oníbàárà. Kò mọ̀ ọ́n rárá!

Báyìí ló ṣe lọ bá ìyá arúgbó kan ní Akron, àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́ níbí. Fofo Mútíù, ọmọ ọmọ ìyá náà, ni ìyàwó rẹ̀ bí ọmọbìnrin. (Fofo la máa ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin níbí, ẹ̀yin ará ọ̀nà jíjìn.) Ìyá Àgbà ti rí fótò ìsọmọlórúkọ kan nínú fóònù ẹnì kan, níbi tí wọ́n ti fi lẹ́tà funfun ńláńlá kọ orúkọ ọmọ sára ògiri lẹ́yìn ìyá ọmọ. Ó wù ú gan-an. Ó ní òun náà fẹ́ gbé ọmọ yìí lẹ́sẹ̀, kí òun jókòó sábẹ́ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n ya àwọn pọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn. Ara rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ le mọ́. Àárọ̀ nìkan ló lè fi jókòó láàárín èrò; bí oòrùn bá ti ga, àfi kí wọ́n mú un wọlé lọ dùbúlẹ̀.

Tanti ní kò burú. Ó ní kí wọ́n sọ orúkọ ọmọ fún òun, kí òun lọ bá wọn ṣe lẹ́tà náà ní Kútọnú.

Hà! Wọ́n ní Ìyá Àgbà wò ó bí ẹni tó ní kí òun tú aṣọ láàárín ọjà. Ó bi í pé níbo ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ta ló ń sọ orúkọ ọmọ síta kí ọjọ́ kẹjọ tó pé? Ṣé kí ẹni tí ń ta lẹ́tà ní Kútọnú mọ orúkọ ọmọ kí ọmọ fúnra rẹ̀ tó gbọ́ ọ ni? Ó ní kò sẹ́ni tó máa gbọ́ orúkọ náà títí Àfáà á fi pè é sí ọmọ létí.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ìyá Àgbà fẹ́ orúkọ lára ògiri, kò sì fẹ́ kí ẹni tó máa gbé e sára ògiri mọ̀ ọ́n! Ẹlòmíràn ì bá ní kò ṣeé ṣe. Tanti mi ńkọ́? Ó ní, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gba lísáǹsì. Bí Àfáà bá ti pe orúkọ tán, á gé e fún yín lójú ẹsẹ̀."

Lójú ẹsẹ̀! Ohun tó délé wá ròyìn fún mi nìyẹn. Mo fẹ́ kí inú mi dùn, nítorí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa gbé lé mi lọ́wọ́ láti ìgbà tí mo ti parí ẹ̀kọ́ nìyí. Inú mi dùn lóòótọ́. Àmọ́ inú dídùn náà àti ẹ̀rù jókòó pọ̀ lórí àga kan, ẹ̀rù ló sì sanra jù.

Mo ní kí á kúkú gé gbogbo lẹ́tà sílẹ̀, láti A dé Z. Tanti ní, "Ṣé ilé ìwé la fẹ́ ṣí ni?" Ó nawọ́ sí fóòmù tó wà nílé. Fóòmù funfun fúyẹ́fúyẹ́ yẹn ni, èyí tí wọ́n máa ń fi di ẹrù kó má fọ́; inú páálí firíjì rẹ̀ tuntun la ti rí i. Kò pọ̀. Tí a bá gé gbogbo lẹ́tà, tí orúkọ ọmọ sì wá ní A mẹ́ta, kí la máa ṣe?

Ẹ̀yin tó ti fi ọ̀bẹ gé irú fóòmù yẹn rí, ẹ mọ̀ pé ńṣe ló máa ń fọ́ bí ìrì dídì, tí á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lára. Ṣùgbọ́n wáyà gbígbóná á gba inú rẹ̀ kọjá jẹ́ẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì dán. Mo yọ wáyà kan jáde nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú irun gbẹ tó ti bàjẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí ìtòsí wa. Mo nà án sórí pákó. Fofo Mútíù yọ bátìrì alùpùpù rẹ̀ yá wa fún ìdánwò, ó ní òun á tún yọ ọ́ fún wa lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ó kù kí n mọ ohun kan ṣoṣo: báwo ni wáyà yìí ṣe máa gbóná tó?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀, kò le. Bí iná bá ń gba inú wáyà kọjá, wáyà á máa gbóná. Àmọ́ bó ṣe ń gba ooru sára náà ló ń tú u dànù. Ó dà bí garawa tí wọ́n lu ihò sí nídìí: omi ń wọlé lókè, omi ń jáde nísàlẹ̀, nígbà tó bá yá, omi inú rẹ̀ á dúró sójú kan. Ojú ibo ló máa dúró sí? Ìbéèrè nìyẹn. Tí wáyà bá tutù jù, á fa fóòmù ya. Tó bá gbóná jù, á jẹ fóòmù kọjá ibi tí mo fẹ́, tàbí kó pọ́n kó sì já. Ẹyọ wáyà kan sì ni mo ní!

Mo jókòó ti ìwé. Mo ṣírò agbára bátìrì. Mo ṣírò bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́nà. Mo wá ṣírò ooru tó ń tàn jáde lára rẹ̀, bí ti oòrùn ṣe ń tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Èsì tó jáde ni pé wáyà á pọ́n bí ẹyin iná. Mo yáa mú kí ibi tí iná ń gbà nínú wáyà náà gùn sí i kí ooru rẹ̀ lè rọlẹ̀, mo fi iná sí i, mo sá sẹ́yìn bí ẹni tó tan ìbọn ọdún.

Kò pọ́n. Mo fi fóòmù kàn án. Fóòmù ò mọ̀ pé ẹnì kan kàn án.

Tanti tó dúró lẹ́nu ọ̀nà sọ pé, "Mámúsẹ́lì Lísáǹsì, ṣé ìwé rẹ ló ní á pọ́n yẹn? Ṣé kí n lọ mú bọ́tà wá ká kọ́kọ́ fi ìyẹn dán an wò?"

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, àmọ́ ó dùn mí díẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé mo ti ń ronú ọ̀rọ̀ náà kí ó tó sọ ọ́.

Ìgbà tí ọkàn mi rọlẹ̀ ni mo rí àṣìṣe mi. Mo ti gbàgbé afẹ́fẹ́! Wáyà tó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀, ìtànṣán kọ́ ló ń kó ooru rẹ̀ lọ jù. Afẹ́fẹ́ tó yí i ká ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ka afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, mo tún un ṣírò, èsì náà sì bá ohun tí mo rí mu díẹ̀. Síbẹ̀, àfojúdá ni. Kò sì sí tẹ̀mómítà nílé wa tó lè wọn ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni mo wá ṣe? Mo wọ kíṣìnì. Ohun tó bá ń yọ́ máa ń sọ bí ooru ṣe pọ̀ tó. Àbẹ́là ò wúlò fún mi, nítorí kì í pẹ́ yọ́. Ṣúgà ló bá mi mu. Ooru tó ju ti omi híhó lọ dáadáa ló lè yọ́ ọ, ibẹ̀ gan-an sì ni mò ń wá. Mo mú ṣúgà onígun, mo fi igun rẹ̀ kan wáyà. Tí igun náà bá funfun síbẹ̀, wáyà tutù jù. Tó bá dúdú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó rú èéfín, ó gbóná jù. Tó bá yọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tó gba àwọ̀ oyin, a ti dé ilé nìyẹn!

Pẹ́ẹ̀sì, irin kékeré kan tó ń di nǹkan mú, tí eyín rẹ̀ dà bíi ti ọ̀nì, ló so bátìrì mọ́ wáyà. Tí mo bá sún pẹ́ẹ̀sì náà síwájú, wáyà tí iná ń gbà kọjá á kúrú, á sì gbóná sí i. Tí mo bá sún un sẹ́yìn, á rọlẹ̀. Mo ń sún un, mo ń fi ṣúgà kàn án, mo ń sún un, mo ń fi ṣúgà kàn án, títí mo fi rí àwọ̀ oyin. Mo gba ọ̀dà èékánná Tanti, mo fi kín-ńkín sàmì síbẹ̀ lára pákó. Lẹ́yìn náà mo gé lẹ́tà T kan. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dán bí ìkarahun ẹyin! Tanti gbé e sókè, ó wò ó yípo, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo rò pé mo ti ṣe tán.

Ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: yàrá tí Tanti ń kó ẹrù sí ni mo ti ṣe gbogbo èyí, a sì ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa kí ìyẹ̀fun fóòmù má bàa fò wọ inú aṣọ dékò rẹ̀. (Òórùn rẹ̀ kì í ṣe ohun tó yẹ kéèyàn máa fà símú o. Mo ń jáde síta mí dáadáa, mo tún ń wọlé. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ nílé yín.)

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé. A dé Akron láàárọ̀, wọ́n ti ta bàṣì tí ń bo oòrùn sí àgbàlá, àwọn àlejò ti ń jókòó. Tanti tẹ́ aṣọ funfun sára ògiri, ó fi àyè sílẹ̀ láàárín. Mo to pákó àti bátìrì mi sórí tábìlì kan lẹ́yìn bàṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnì. Ìyá Àgbà wà lórí àga ní iwájú, ó wọ aṣọ àlàárì, ó kéré, ó rẹwà, gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń kúnlẹ̀ kí i. Atẹ́gùn ń fẹ́ wá jẹ́jẹ́. Gbogbo èèyàn ló ń yin atẹ́gùn náà. Èmi náà yìn ín! Ẹ ò rí ayé?

Àfáà ṣàdúrà, ó tẹ̀ síwájú, ó pe orúkọ sí ọmọ létí, lẹ́yìn náà ó pè é sókè. Gbogbo àgbàlá gbà á mọ́ ọn lẹ́nu: "Asíyà! Asíyà!" Wọ́n ń gbé oyin, iyọ̀, omi àti ṣúgà yípo kí oníkálukú tọ́ ọ wò.

Tanti sáré wá bá mi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ sí mi létí pé, "Asíyà ni o. Má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo wò ó. Gbogbo àdúgbò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo rẹ̀! Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé àyà òun náà ń já, ó kàn mọ̀ ọ́n bò ju èmi lọ ni.

Fofo Mútíù ní S méjì ni wọ́n máa kọ sínú ìwé ìbí, bí àwọn Faransé ṣe ń kọ ọ́. S méjì! Nínú gbogbo lẹ́tà, òun ló ń yí bí ejò. Mo mí kanlẹ̀, mo fi pẹ́ẹ̀sì síbi àmì ọ̀dà èékánná, mo ti fóòmù sí wáyà láti gé A.

Fóòmù ya. Kò gé, ńṣe ló ya, ó hu irun bí ẹ̀yìn ajá tí òjò pa.

Mo tún un ṣe. Ó tún ya.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi. Etí mi ń hó. Mo ń gbọ́ ohùn gbogbo ènìyàn, ó sì dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mi ni gbogbo wọn ń sọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ìrẹsì ni wọ́n ń sọ. Mò ń wo Ìyá Àgbà láti ẹ̀yìn bàṣì. Mo ń wo oòrùn.

Èrò pé jọ. Ọ̀kan ní bátìrì ti kú. Fofo Mútíù bínú, ó ní bátìrì òun kọ́, ó ní lánàá ló gbé òun àti àpò àgbàdo wá láti Akpro-Missérété láìkọ́sẹ̀. Obìnrin Gùn kan láti ilé kejì ní bóyá bátìrì náà ò tíì jẹun ni, kí wọ́n bu ìrẹsì fún un. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo sọ fún ara mi pé, Kúbúrá, má sún pẹ́ẹ̀sì yẹn bó ṣe wù ọ́. Bí wáyà bá pọ́n, tó já, ó parí nìyẹn. Kọ́kọ́ mọ ibi tí ooru rẹ̀ wà. Mo wo inú àpò mi láti mú ṣúgà.

Mi ò mú ṣúgà wá! Mo ti rò pé mo ti ṣe tán, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Àwo ṣúgà kan ṣoṣo tó wà nítòsí ni èyí tí wọ́n fi sọ ọmọ lórúkọ. Mo lọ bá àwọn ìyá tó gbé e dání, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fún mi ní ẹyọ kan kí n fi kan wáyà. Ọ̀kan fa àwo náà mọ́ra. "Ṣúgà ọmọ? Fún wáyà? Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí rẹ pé?" Òmíràn ní ṣúgà àdúrà kọ́ ni wọ́n ń jó nínú iná.

Ìyá Àgbà gbọ́ ariwo wa. Ó fi ọwọ́ pè mí. Mo kúnlẹ̀. Ó bi mí kí ni mo fẹ́ fi ṣúgà ṣe. Mo fẹ́ sọ ìwọ̀n ooru, mo fẹ́ sọ afẹ́fẹ́, àmọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ìyá, mo fẹ́ kí wáyà tọ́ ọ wò, kí n lè mọ̀ bó ṣe gbóná tó."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí àwo náà. "Gbogbo ẹni tó wá síbí lónìí nítorí Asíyà ló ti tọ́ ọ wò. Bí wáyà náà bá wá ṣiṣẹ́ fún un, ẹ fún un kó tọ́ tirẹ̀ wò."

Wọ́n fún mi. Ẹ gbà mí gbọ́, ọpẹ́ tí mo dá ní ọjọ́ yẹn pọ̀ ju ti ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí lọ.

Mo fi igun ṣúgà kan wáyà. Ó funfun báláú! Lórí àmì kan náà, pẹ̀lú bátìrì kan náà. Wáyà tutù jù, kò sí àní-àní. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sún pẹ́ẹ̀sì síwájú díẹ̀díẹ̀, títí igun ṣúgà fi gba àwọ̀ oyin. Mo ti fóòmù sí i, ó gé! Ẹsẹ̀ kan A ti jáde, ó dán. Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ibẹ̀ ni Tanti ti rí i pé oòrùn ń pa mí lójú. Nítorí pé ó fẹ́ràn mi, ó tú ìró kejì tó wé mọ́ ìbàdí, ó nà án sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kó lè bò mí.

Wáyà pọ́n. Mo fi ojú mi rí i, ó pọ́n bí ojú àṣá! Èéfín yọ, ihò tó wà nínú fóòmù fẹ̀ lójú mi, A mi di ohun tí eku jẹ. Mo já pẹ́ẹ̀sì kúrò, ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

"Tanti! Kí lẹ ṣe?"

"Kí ni mo ṣe? Oòrùn ni mo bò fún ọ! Àánú ò dáa mọ́ ni?"

Mo fẹ́ sunkún. Mo wo wáyà náà, kò já. Mo wo ìró Tanti, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ó wú bí ikùn aláboyún síhà ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ. Mo wo bàṣì, ó ń gbá pápápá.

Háà!

Mo ti ka afẹ́fẹ́ mọ́ ìṣirò mi, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú yàrá tí a tì pa ni mo kà, afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́. Èyí tó wà ní àgbàlá ń rìn! Gbogbo ìgbà tó bá kọjá lára wáyà ló ń bu ooru rẹ̀ lọ, bí ẹni tí ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná kó tó mu ún. Ìdí nìyẹn tí wáyà fi tutù. Èmi wá sún pẹ́ẹ̀sì kó lè bá atẹ́gùn dọ́gba. Tanti wá dí atẹ́gùn. Ta ló máa wá gba ooru lọ́wọ́ wáyà mọ́? Kò sẹ́nì kankan. Ló bá pọ́n!

Mo dìde. Mo ní, "Tanti, ẹ dúró bẹ́ẹ̀, ẹ má gbé ìró yẹn kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi pe àwọn ìyá sí i. A máa fi ìró kọ́ yàrá."

Wọ́n wá o. Obìnrin Gùn tó fẹ́ bu ìrẹsì fún bátìrì ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n na ìró yí mi ká ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, wọ́n fi òkè sílẹ̀ kí èéfín rí ọ̀nà jáde. Ẹ wá gbọ́ ẹnu! Ọ̀kan ní ṣé ìyàwó ni à ń wẹ̀ níbí ni. Òmíràn ní kí wọ́n dì í dáadáa, kí ọkọ wáyà má yọjú. Fofo Mútíù fẹ́ yọjú lóòótọ́ láti wo bátìrì rẹ̀, wọ́n lé e. "Ọkùnrin kì í wọ ibí!"

Mo dá pẹ́ẹ̀sì padà síbi àmì ọ̀dà èékánná. Mo fi igun ṣúgà kan wáyà. Ó yọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Àwọ̀ oyin.

Mo gé A. Mo gé S. Nígbà tí mo dé inú S kejì, mo ṣàkíyèsí pé ẹ̀rù ti fi mí sílẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tó lọ. Àwọn ìyá ń sọ̀rọ̀ lókè orí mi, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, apá ń ro wọ́n, ẹnì kankan ò sì sọ ìró rẹ̀ kalẹ̀. Mo gé I àti Y. Fóòmù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nítorí àwọn tó ti bàjẹ́, nítorí náà A ìkẹyìn kéré ju ti ìṣáájú lọ. Tanti wò ó, ó ní kò sóhun tó ṣe é, sítáìlì ni.

Oòrùn ti ń ga. Fofo Mútíù ti ń sọ pé kí wọ́n mú Ìyá Àgbà wọlé. Ìyá Àgbà ní bí wọ́n bá mú òun wọlé, kí wọ́n mú ògiri náà wọlé tẹ̀lé òun.

Nígbà tí Tanti ń lẹ lẹ́tà mọ́ aṣọ, Ìyá Àgbà ní kí n gbé ọ̀kan wá kí òun wò ó. Kò mọ irú lẹ́tà yìí kà, ti kéwú ló mọ̀. Mo gbé A fún un, lẹ́tà tó ga dé ìgúnpá rẹ̀. Mo rí i pé ó ti múra láti gbé ohun tó wúwo, ló bá gbé e bí ìyẹ́. Ó yà á lẹ́nu. Ó gbé e sókè, ó gbé e sílẹ̀.

"Ṣé bó ṣe fúyẹ́ nìyí? Orúkọ ọmọ mi?" Ó wo Asíyà tó ń sùn lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. "Kó fúyẹ́ fún un láti rù. Kó má wúwo lọ́rùn rẹ̀ láéláé."

Gbogbo wa ṣe àmín. Wọ́n gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀, wọ́n gbé àga rẹ̀ sábẹ́ orúkọ náà, wọ́n ya fótò. Ìyá Àgbà kò wo ẹni tó ń ya fótò. Ojú rẹ̀ wà lókè, lára lẹ́tà. Fótò tó dáa jù nìyẹn.

Kí ni mo rí kọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi. Bí ohun tó ṣiṣẹ́ nílé bá kọ̀ níta, kì í ṣe dandan pé ohun náà ti bàjẹ́, kì í sì í ṣe dandan pé ẹni tó ṣe é kò mọ nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó yàtọ̀ níbi tí ẹ gbé e dé. Ìṣirò mi kò purọ́. Yàrá tí mo tì pa ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo tún rò ó síwájú, ẹ dárí jì mí bí mo bá ń sọ̀rọ̀ jù: èmi náà, inú yàrá tí mo tì pa ni mo ti máa ń díwọ̀n ara mi. Nítorí náà ni mo ṣe ń gbóná lásán. Kò sí afẹ́fẹ́ tó ń kọjá! Láti ọjọ́ yẹn, bí àyà mi bá ti ń já, mo ń jáde lọ jókòó sáàárín èèyàn. Iṣẹ́ kò tíì yọjú o, mo ṣì ń wá a. Àmọ́ oúnjẹ mi ò tutù níwájú mi mọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti dán wò nílé tó ṣe wẹ́kú, tó wá dójú tì yín lójú èrò? Kí lẹ ṣe sí i? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Tanti náà ń kà á. Ó ní bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ọmọ tuntun tí wọn ò tíì sọ lórúkọ, kó má sọ orúkọ náà fún wa o. Kó kàn sọ bóyá ó gùn, ká lè mọ bí fóòmù tí a máa wá ṣe máa pọ̀ tó.